Ìbọn nínú ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí iṣẹ́: HR ní kí n fọwọ́ síwèé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ Ajé.

Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìtọ́jú àgbàlagbà kan níbí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo ń wọṣẹ́, aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo ń jáde. Ibi tí à ń gbọ́kọ̀ sí ṣókùnkùn, ó sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn, a gba láísẹ́ńsì, a sì ra ìbọn ìléwọ́ kan. Inú ọkọ̀ ni mò ń fi sí. N kì í gbé e wọ inú ilé iṣẹ́ rárá.

Ní báyìí, HR, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ wa, ti gbé ìwé ìlànà tuntun jáde. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní ìbọn níbikíbi lórí ilẹ̀ iléeṣẹ́, títí kan inú ọkọ̀ ara ẹni. Kí gbogbo wa fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Mo ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, n kò sì ní ẹjọ́ kankan lọ́rùn. Ṣé tí mo bá fọwọ́ sí i, mo ti ta ẹ̀tọ́ mi nìyẹn? Tí n kò bá fọwọ́ sí i ńkọ́? Ọmọ méjì ni mò ń rán ní yunifásítì. N kò lè pàdánù iṣẹ́ yìí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n wá gbé òkú mi níbi ìgbọ́kọ̀sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tulsa

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ìwọlé ìjáde yín. Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan lálẹ́ yìí. Texas ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Mo mọ ẹni tó máa lè tò ó fún yín, mo ti pè é síbí.

Akọ̀wé Lọ́yà, Dallas

Ọmọ Ìjẹ̀bú ló pè mí. Ọ́fíìsì àwọn lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ àbúrò yín.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni òfin kan ti wà nínú ìwé òfin iṣẹ́ ní Texas, abala 52.061. Ohun tó sọ ni pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sọ fún òṣìṣẹ́ tó ní láísẹ́ńsì, tàbí tó ní ìbọn lọ́nà tó bófin mu, pé kó má ṣe tọ́jú ìbọn tàbí ọta rẹ̀ sínú ọkọ̀ ara rẹ̀ tó tì pa, níbi ìgbọ́kọ̀sí tí agbanisíṣẹ́ pèsè fún àwọn òṣìṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ìjọba wà nínú rẹ̀, ti aládàáni náà wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, mà: ohun tí HR kọ sínú ìwé yẹn tako ohun tí òfin sọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ òfin náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ó ní ọkọ̀ ara ẹni. Tí ó bá jẹ́ ọkọ̀ iléeṣẹ́ lẹ fi ń gbé àwọn àgbàlagbà lọ síléèwòsàn, òfin yìí kò dáàbò bò yín nínú rẹ̀, wọ́n lè fòfin de ìbọn níbẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó tì pa. Ẹni tó fi gíláàsì sílẹ̀ lálàfo nítorí ooru Houston ti jáde kúrò lábẹ́ òfin nìyẹn. Ó sì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tí agbanisíṣẹ́ pèsè. Tí ẹ bá gbọ́kọ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì tó wà lódìkejì títì, ọ̀rọ̀ di láàárín ẹ̀yin àti onílẹ̀ yẹn.

Inú ilé yàtọ̀. Òfin kan náà gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti ní kí ìbọn má wọ inú ilé iṣẹ́. Òfin ọ̀daràn Texas pàápàá dárúkọ iléèwòsàn àti ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ ibi tí ìbọn ti lè di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ń gba àwọn èèyàn wa là ni pé nínú òfin yẹn, ibi ìgbọ́kọ̀sí kì í ṣe ara ilé. Ẹ má fi báàgì tí ìbọn wà nínú rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà láé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Ní ti ìfọwọ́sí: ẹ má bá HR jà. Ẹ kọ ímeèlì kúkúrú tó níwà pẹ̀lẹ́ sí wọn, ẹ dárúkọ abala 52.061, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ìlànà tuntun náà kan ọkọ̀ ara ẹni tó tì pa ní Texas. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń kọ ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo ìpínlẹ̀ tí wọ́n wà, ẹni tó kọ ọ́ sì lè má gbé Texas rí. Tí wọ́n bá ní ẹ ṣáà fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ yín pé ẹ fọwọ́ sí i títí dé ibi tí òfin Texas gbà. Kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sílé, kì í ṣe sórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́.

Ẹ má sì sọ fún wọn nínú ímeèlì yẹn pé ẹ ní ìbọn. Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ bi.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ iléeṣẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù, torí mo máa ń kó báàgì mi látinú ọkọ̀ mi sínú tiwọn. Mo dúpẹ́ pé ẹ mẹ́nu bà á.

Tí wọ́n bá wá lé mi, ṣé òfin yẹn máa dá mi padà síṣẹ́?

Akọ̀wé Lọ́yà, Dallas

Ibi tí ó ti rọ̀ nìyẹn, mà, n kò sì ní tàn yín. Òfin náà ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀, àmọ́ kò kọ ọ́ pé ìyà báyìí ni yóò jẹ ẹni tó bá ṣe é, kò sì kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ lè pe ẹjọ́ gba owó báyìí báyìí. Ní Texas, wọ́n lè lé èèyàn láìsọ ìdí kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi pẹ̀lẹ́kùtù bá wọn sọ̀rọ̀, kí ohun gbogbo sì wà lákọsílẹ̀.

Ibòmíì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Mississippi, òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n lé ní 2013 nítorí ìbọn inú ọkọ̀ rẹ̀ gba kóòtù lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ yẹn sọ ní 2016 pé ó lè pe agbanisíṣẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè lé èèyàn láìsọ ìdí níbẹ̀. Ní Tennessee, òfin wọn ti 2013 sọ pé ẹni tó ní láísẹ́ńsì kì í ṣe ọ̀daràn tó bá fi ìbọn sínú ọkọ̀ níbi iṣẹ́, àmọ́ kò dí agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ láti lé e. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin míì dí ihò yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tulsa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí gbogbo èyí ti bẹ̀rẹ̀, torí ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé ni.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2002, iléeṣẹ́ pákó àti bébà Weyerhaeuser ní Valliant, gúúsù ìlà-oòrùn Oklahoma, mú ajá wá síbi ìgbọ́kọ̀sí láti wá oògùn olóró. Ìbọn ni wọ́n rí nínú ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n sì lé wọn. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé agbègbè ọdẹ ni ibẹ̀, tí ìgbà ọdẹ bá ti dé, ìbọn àti ọkọ̀ kì í ya ara wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ pẹjọ́, wọ́n pàdánù. Lílé tí wọ́n lé wọn yẹn ló bí òfin Oklahoma ti 2004.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá, ConocoPhillips wà lára wọn, gbé òfin náà lọ sí kóòtù. Adájọ́ kan ní Tulsa dá a dúró ní 2007, ó ní ó tako òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò níbi iṣẹ́. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ìdájọ́ yẹn, òfin náà sì dúró di òní. Àwọn ìpínlẹ̀ míì sì ń ṣe tiwọn. Kentucky ṣe tirẹ̀ ní 2006, Florida àti Georgia ní 2008.

Mo rántí ti Kentucky dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé, tó tún ń ṣiṣẹ́ níléèwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ yẹn, ni wọ́n lé torí ìbọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ní láísẹ́ńsì. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀, ó sì jàre ní 2012.

Ẹ̀gbọ́n Atlanta

Ẹ̀yin ará Georgia tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má bá wọn yọ̀. Òfin tiwa ní ihò tó tó ọkọ̀ akẹ́rù gbà kọjá.

Lóòótọ́, ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi í ṣe májẹ̀mú iṣẹ́ pé kí ẹni tí òfin gbà láàyè láti gbé ìbọn má fi í sínú ọkọ̀ rẹ̀, tó bá ṣáà ti tì í mọ́ búùtù tàbí àpótí iwájú ọkọ̀ níbi tí ojú kò ti lè rí i. Àmọ́ kẹ́ ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní òfin yìí kò gba ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé tí onílẹ̀ bá tún jẹ́ agbanisíṣẹ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ ló máa lékè. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ yín ló ni ilẹ̀ tí ẹ gbọ́kọ̀ sí, ọwọ́ wọn ni ọ̀bẹ wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ní géètì àti ẹ̀ṣọ́, tí kì í ṣe gbogbo ayé ló lè wọ̀ ọ́, wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní géètì. N kò fi ìbọn sínú ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Tíṣà Katy

Èmi ń kọ́ni níléèwé ìjọba ní Texas. Ṣé ti Ìyá Ìbejì kan èmi náà? Ẹnì kan sọ fún mi pé wọn kò ka iléèwé mọ́ ọn.

Akọ̀wé Lọ́yà, Dallas

Òótọ́ ni pé òfin 2011 yọ iléèwé sílẹ̀. Ní 2017 wọ́n ṣe òfin míì sínú ìwé òfin ẹ̀kọ́: iléèwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ dí òṣìṣẹ́ tó ní láísẹ́ńsì lọ́wọ́ láti tọ́jú ìbọn ìléwọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀ tó tì pa níbi ìgbọ́kọ̀sí iléèwé, tí kò bá ṣáà ti hàn síta.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì yẹn o, tíṣà. Láti 2021 ni Texas ti gba ẹni tó ti pé ọdún 21 láàyè láti gbé ìbọn ìléwọ́ láìní láísẹ́ńsì, ọ̀pọ̀ èèyàn wa sì rò pé kò sí ìdí láti gbà á mọ́. Ìdí wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé èèyàn kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́ láàárín ẹsẹ̀-bàtà 1,000 sí iléèwé. Ẹni tí ìpínlẹ̀ fún ní láísẹ́ńsì, tàbí ẹni tó yọ ọta kúrò nínú ìbọn rẹ̀ tó sì tì í mọ́ àpótí, ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì tó ń wakọ̀ kọjá iwájú iléèwé pẹ̀lú ìbọn tó lọ́ta nínú ti rú òfin yẹn láìmọ̀.

Ọmọ Pọ́sítọ́fíìsì, San Antonio

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní pọ́sítọ́fíìsì bíi tèmi, òfin ìpínlẹ̀ kò ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni. Ìlànà wọn ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìbọn wọ ibẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí náà wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ní Louisiana gba ìdálẹ́bi nítorí ìbọn tó fi sínú ọkọ̀ rẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí òṣìṣẹ́, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2009. Ní Colorado, ọkùnrin kan tó kàn ń lọ gba lẹ́tà pẹjọ́ lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí pọ́sítọ́fíìsì ìlú Avon. Ní 2015, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ìjọba ló jàre. Àwọn ẹjọ́ tuntun ṣì ń lọ lórí rẹ̀, àmọ́ èmi kò ní fi iṣẹ́ mi àti owó ìfẹ̀yìntì mi dán an wò.

Ilẹ̀ iléèwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì náà kò gbà á, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Denton

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wà níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ní kí n bá òun tọ́jú ìbọn òun sínú búùtù ọkọ̀ mi nígbà tí òun bá wà níbi iṣẹ́, torí òun kò ní ọkọ̀. Ṣé òfin yìí bo èmi náà?

Akọ̀wé Lọ́yà, Dallas

Rárá o! Àbúrò mi, lọ dá a padà fún un lálẹ́ yìí. Má dúró di ọ̀la.

Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tó wà níbí pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti òṣìṣẹ́, kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn tàbí ọta ìbọn ní ìkáwọ́ rẹ̀. Wọ́n yọ àwọn díẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ìpínlẹ̀ fún un, àmọ́ kì í ṣe nǹkan tí wàá fi ọgbọ́n ara rẹ gbé ara lé láìbéèrè lọ́wọ́ lọ́yà. Kò ní kó jẹ́ pé ìwọ lo ra ìbọn náà. Búùtù rẹ, kọ́kọ́rọ́ rẹ, ìkáwọ́ rẹ ni. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15. Ẹ̀yìn ẹ̀wọ̀n, wọ́n á dá ọ padà sílé, torí ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn wà lára ohun tí wọ́n fi ń lé àlejò kúrò nílẹ̀ yìí.

Ẹni tó ní gíríìnkáàdì lè ní ìbọn. Àmọ́ ẹ̀yin onígíríìnkáàdì, ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn lè lé ẹ̀yin náà lọ, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti lo ogún ọdún níbí. Ohun tí ọmọ onílẹ̀ máa san owó ìtanràn lé lórí lè fọ́ ilé tiyín. Mo ti jókòó ti ìyá kan tó ń sunkún lọ́fíìsì wa lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ rí i mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Denton

Mo ti dá a padà fún un. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Bowie, Maryland

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ mi.

Fún àwa tí a wà ní Maryland, kò sí òfin ibi ìgbọ́kọ̀sí irú ti Texas níbí. Agbanisíṣẹ́ lè ní kẹ́ ẹ má gbé e wá, ó sì parí. Láìní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ yìí, ìbọn ìléwọ́ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ yín àfi fún ìrìn àjò tí òfin dárúkọ, bíi lílọ síbi ìyìnbọn tàbí kíkó ẹrù láti ilé kan sí òmíràn, ọta kò sì gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wa ọkọ̀ láti Dallas wá kí wa nígbà ìkómọ, ó rò pé láísẹ́ńsì Texas tó lò dé Louisiana á gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Maryland kò ka láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀ míì sí. Mo ń gbàdúrà ṣáá títí ó fi padà délé.

Àbúrò yín n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹnu yà mí. Níbí, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí òfin ìbọn 1959 kà léèwọ̀ àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ṣakabùlà baba wa pàápàá ní ìwé tirẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ra.

Bàbá Alájà, Fort Worth

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Òfin lè gbà á kó má bọ́gbọ́n mu.

Wọ́n fọ́ gíláàsì ọkọ̀ mi níbi ìgbọ́kọ̀sí iṣẹ́ mi àtijọ́, lọ́sàn-án gangan. Abẹ́ àga ni ìbọn mi wà. Àwòrán iléeṣẹ́ ìbọn tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sọ fún olè pé ó wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá pè mí pé wọ́n rí i lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. N kò tíì gbàgbé ohùn ọlọ́pàá yẹn lórí fóònù.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì: ẹ ra àpótí irin tí wọ́n fi wáyà irin so mọ́ ìdí àga tàbí inú búùtù. Ilé ni kẹ́ ẹ ti gbé ìbọn sínú rẹ̀, kì í ṣe níbi ìgbọ́kọ̀sí tí ẹni kan lè máa wò yín. Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ọkọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ara ìbọn náà sílé. Lálaalẹ́, kó wọlé pẹ̀lú yín. Colorado ti sọ èyí di dandan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, pé ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí líle tó tì, níbi tí ojú kò tó. Texas kò fi tipá mú wa. Ẹ ṣe é bó ṣe wù kó rí.

Ohun kejì: ìbọn tó wà nínú ọkọ̀ kò wúlò fún yín láàárín ẹnu ọ̀nà àti ọkọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti já báàgì ìyá yẹn. Iná ni kẹ́ ẹ bá wọn jà fún.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni, inú òkùnkùn yẹn ni mò ń rìn kí n tó dé ọkọ̀.

Mo ti kọ ímeèlì sí HR lówùúrọ̀ yìí bí Akọ̀wé Lọ́yà ṣe sọ. Ìbéèrè nìkan ni mo bi wọ́n. Mo fi ìpínrọ̀ kejì kún un: pé kí wọ́n fi iná sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí ẹ̀ṣọ́ sì máa sin wá dé ìdí ọkọ̀ láago mọ́kànlá. Nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án ló bá mi fọwọ́ sí ìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Houston

Wọ́n ti dáhùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìwé ìlànà náà han lọ́yà àwọn, kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ sí i. Lórí ọ̀rọ̀ iná, wọ́n ní ẹni tó ni ilé ló ni òpó iná, àwọn máa bá a sọ̀rọ̀. Akọ̀wé Lọ́yà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé pé ẹlòmíì ló ni ilé yí ọ̀rọ̀ ìbọn padà?

Akọ̀wé Lọ́yà, Dallas

Ó lè yí i padà, mà. Ẹ bá mi wá bóyá inú owó ilé tí iléeṣẹ́ yín ń san ni ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, tàbí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ ló jọ ń lò ó. Ẹ fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Kó tó di ìgbà náà, ẹ fi ìbọn sílé.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ó ti wà nílé. Bàbá àwọn ọmọ ló ń wá gbé mi láago mọ́kànlá láti àná.